Ìbéèrè Kejì

Ẹ̀kọ àná ni Ayọ̀kẹ́mi gbé síwájú ọkọ rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kò sì tọrọ àforíjì. Obìnrin tó ti jókòó ti kọ̀ǹpútà láti ìgbà tí àkùkọ ti kọ kì í ráyè dín àkàrà fún ẹnikẹ́ni.

"Agogo márùn-ún ìrọ̀lẹ́ òní ni òpin," ó ní. "Bí ìwé wa ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn kó tó di ìgbà náà, wọ́n á kà á sí pé o ti jẹ́wọ́."

"Mo gbọ́," ni Ọbalolúwa wí.

"O gbọ́, o gbọ́. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lo ti ń gbọ́. Ẹni tó máa jẹ́rìí sí lẹ́tà yẹn dà?"

Ọbalolúwa yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ń wo ìta láti ojú fèrèsé, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dúró sí nínú ọyẹ́, tí eruku ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tán: HEZEKIAH ÀTI ỌMỌ, AGBẸ́KÀNGA. Bàbá rẹ̀ ló ń jẹ́ Hezekiah. Ọkọ́ àti garawa ni bàbá náà fi gbẹ́ kànga kiri, láti Kàbà dé Ìkòyí, títí dé Ẹ̀júkù. Ẹ̀rọ ni ọmọ fi ń gbẹ́ tirẹ̀. Orúkọ kan náà ni àwọn méjèèjì fi jẹun, orúkọ náà gan-an ni wọ́n sì fẹ́ kọ mọ́ ti àwọn oníjìbìtì báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ kí ìbínú mú mi purọ́. Báǹkì ńlá kan wà lókè òkun tó ń yá àwọn orílẹ̀-èdè lówó. Ó yá wa lówó kí wọ́n fi gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí àwọn ìletò. Agbaṣẹ́ṣe tó bá fẹ́ iṣẹ́ náà gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé òun ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ọbalolúwa ti gbẹ́ méjì sí Òkè-Ọ̀pẹ, ìlú ìyá rẹ̀. Ó lọ sí ààfin ibẹ̀ nínú oṣù kẹta ọdún tó kọjá, wọ́n fún un ní lẹ́tà, òǹtẹ̀ ààfin wà lórí rẹ̀, orúkọ ọba àti ìfọwọ́sí sì wà nísàlẹ̀. Kí ló tún kù? Ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ìwé ẹ̀sùn olójú-ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta wọlé láti báǹkì: lẹ́tà náà, ayédèrú ni. Wọ́n ní ọba tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ti kú láti ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní. Òkú kì í fọwọ́ sí ìwé.

Lóòótọ́, òkú kì í fọwọ́ sí ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ nílẹ̀ wa pé bí ọba bá wàjà, ẹnu kì í gbà á? Títí wọn ó fi ṣe gbogbo ohun tó yẹ tán, Kábíyèsí ń sinmi ni. Bí èèyàn bá wá kí i, wọ́n á gba iṣu ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ní Kábíyèsí dúpẹ́. Ìwé tó bá yẹ kó jáde láti ààfin, yóò jáde. Oṣù márùn-ún gbáko ni wọ́n fi sinmi báyìí ní Òkè-Ọ̀pẹ. Àwọn ọmọ ọba tó wà l'Ábújá ló wá tẹ ọjọ́ náà gan-an sínú ìwé ètò ìsìnkú, pẹ̀lú àwòrán aláràbarà, wọn ò bi àgbà kan. Ibẹ̀ ni báǹkì ti rí i kà.

"Kọ ọ́ bó ṣe rí," ni Ayọ̀kẹ́mi ń sọ látàárọ̀. Olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ sínú ẹnu. "Kọ ọ́ pé ọba ti wàjà, pé àwọn ìjòyè ló ń fọwọ́ sí ìwé lórúkọ rẹ̀. Ṣé ìwọ lo kọ lẹ́tà ni?"

"Kí n kọ ọ́ sínú ìwé òyìnbó pé àga ọba ṣófo? Ìlú ìyá mi? Èmi náà ò kúkú mọ̀ nígbà yẹn. Wọ́n ní ó ń sinmi, mo ní kó sinmi ire."

"O ò béèrè."

"Ta ló ń béèrè irú ẹ̀?"

Ayọ̀kẹ́mi kó ìwé olójú-ewé mọ́kànlélọ́gọ́ta náà, ó ṣí ojú-ewé kan jáde. Wọ́n ti fi tàdáwà dúdú pa orúkọ kan rẹ́ níbẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan tó mọ ààfin dunjú, báyìí ni wọ́n kọ ọ́, ní ọba kọ́ ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Ta ni ẹlẹ́rìí? Dúdú. Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀? Dúdú. Ta ló bi í? Dúdú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ayọ̀kẹ́mi ti kọ̀wé pé kí wọ́n jọ̀ọ́ sọ orúkọ ẹni náà. Wọ́n fèsì pé àwọn ń dáàbò bo ẹlẹ́rìí. Ẹni tó ṣe ìwádìí àti ẹni tó máa dá ẹjọ́, báǹkì kan náà ló ń san owó oṣù fún wọn. Wọ́n sì kọ ọ́ kedere pé kò pọn dandan kí ọ̀rọ̀ dá àwọn lójú tán. Kó ṣáà ti jọ bẹ́ẹ̀ ju pé kò jọ bẹ́ẹ̀ lọ. Ó jọ bẹ́ẹ̀! Bí wọ́n bá dá a lẹ́bi, kò ní gba iṣẹ́ wọn mọ́ fún ọdún mẹ́rin, gbogbo báǹkì ẹgbẹ́ wọn á sì tilẹ̀kùn mọ́ ọn, orúkọ Hezekiah á wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé.

"Àwọn olè wà o," ni Ayọ̀kẹ́mi wí, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀. "Ẹni tó gba owó kànga mẹ́ta lọ́dún méjìlá sẹ́yìn, tí àwọn ìyá yẹn ṣì ń pọn omi odò di òní, kí wọ́n mú un. Mi ò ní kí wọ́n má mú olè. Kí wọ́n ṣáà wo ojú ẹni tí wọ́n fẹ́ mú."

"Okun o, ará ilé!" Ìyá Gift ló wọlé, aládùúgbò tó ń gbé ẹ̀yìn ògiri wọn. Ọmọ odó ló wá yá. Obìnrin náà ní odó tirẹ̀, ó ní ọmọ odó tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ bá ń gbóná nílé ẹlòmíràn ni ọmọ odó rẹ̀ máa ń sọ nù. "Ẹ kú ọyẹ́ yìí. Mo ní kí n bi yín, Bàbá Ọpẹ́dayọ̀, ṣé kò sí o? Wọ́n ń sọ ní ọjà pé owó àwọn òyìnbó kan sọ nù."

"Owó kankan ò sọ nù, Ìyá Gift. Kànga tí wọ́n ń sọ, omi ń jáde nínú ẹ̀ títí di bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀," ni Ọbalolúwa dáhùn.

"Hẹn-ẹ́n. Ohun témi náà sọ fún wọn nìyẹn. Mo ní ẹ ò ní irú ìwà yẹn." Ó gbé ọmọ odó, ó tún wo kọ̀ǹpútà, ó wo ẹ̀kọ tó dì sínú abọ́. "Olúwa á kó wa yọ."

Nígbà tó lọ, Ayọ̀kẹ́mi padà sídìí kọ̀ǹpútà. Láti ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró ìgbálẹ̀, ṣà, ṣà, ṣà, lábẹ́ igi máńgòrò.

Màmá ni, ìyá Ọbalolúwa. Martha lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọba Òkè-Ọ̀pẹ ni, ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ jáde síta, ó bá a tó ti gbálẹ̀ tán, tó ti fọ bẹ́ǹṣì gígùn tí Hezekiah fi sílẹ̀, tó ti gbé e sábẹ́ igi. Ó ti wọ aṣọ tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì. Igbá omi kan wà lórí àpótí níwájú bẹ́ǹṣì náà.

"Àwọn mélòó ló ń bọ̀?" ni Màmá béèrè.

"Àwọn wo, Màmá?"

"Àwọn tó máa gbọ́ ẹjọ́. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi ní òní ni. Bí wọ́n bá ju mẹ́rin lọ, ká lọ yá àga ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Ọbalolúwa wo bẹ́ǹṣì náà. "Kò sẹ́ni tó ń bọ̀, Màmá. Inú ẹ̀rọ la ó ti fi tiwa ránṣẹ́ sí wọn."

"Wọ́n á ṣe wá mọ ojú rẹ? Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Áà, bẹ́ǹṣì yẹn! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà ní àdúgbò wọn ẹ rántí. Ìgbà tí wọ́n ṣì ń sá kọfí sórí àpáta, tí òórùn rẹ̀ máa ń gba gbogbo ilé, tí rédíò Bàbá Hezekiah máa ń sọ̀rọ̀ nìkan lábẹ́ igi yẹn títí ọ̀sán. Bí ẹnì kan bá jí iṣu ẹnì kan, tàbí ewúrẹ́ jẹ oko ẹnì kan, ibẹ̀ ni wọ́n ń bọ̀. Ẹni tó pe ẹjọ́ àti ẹni tí wọ́n pè lẹ́jọ́, inú igbá kan náà ni wọ́n ti máa kọ́kọ́ mu omi. Lẹ́yìn náà, kí oníkálùkù sọ tirẹ̀ lójú ẹnì kejì. Bí èèyàn bá sọ̀rọ̀ tán, Hezekiah kì í dájọ́ lójú ẹsẹ̀. Ó máa ń fọwọ́ pa irùngbọ̀n, á ní, "Ó dáa. Kí ló kù tó ò tíì sọ?" Ìbéèrè kejì yẹn ni gbogbo wa ń bẹ̀rù. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń jáde. Mi ò sọ pé gbogbo ẹjọ́ wọn ló tọ́ o, ṣùgbọ́n mi ò rántí ẹnì kan tó tibẹ̀ dìde láì mọ ẹni tó fẹ̀sùn kan òun.

"Mo ti ránṣẹ́ sí Ebenezer," ni Màmá wí. "Ó ní òun ń bọ̀ lọ́sàn-án."

Olóyè Ebenezer ni akọ̀wé ààfin Òkè-Ọ̀pẹ, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rẹ́ Hezekiah láti kékeré. Ọbalolúwa ti lọ bá a lẹ́ẹ̀mẹta lórí ọ̀rọ̀ yìí. Bó bá dé, wọ́n á ní Bàbá wà lóko. Màmá ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó gbọ́. Ayọ̀kẹ́mi gbé iṣu kaná. Nígbà tí iṣu jinná ni wọ́n tó rántí ibi tí ọmọ odó wà.

"Ìyá Gift!" Ayọ̀kẹ́mi lọgun láti orí ògiri. "Ẹ bá wa dá ọmọ odó padà, àlejò ń bọ̀!"

"Àlejò wo?" ni Ìyá Gift dáhùn, kíá ló sì ti dé pẹ̀lú ọmọ odó. Kò sí iyán kankan lára ọmọ odó náà.

Lórí ọ̀kadà ni Bàbá Ebenezer dé, ó fi ìbòrí di etí mọ́ ọyẹ́. Wọ́n kí i, ó kí wọn. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ ra á. "Hezekiah," ó ní. Ayọ̀kẹ́mi gbé iyán àti ọbẹ̀ ẹ̀gúsí síwájú rẹ̀, ẹja gbígbẹ yọrí nínú ẹ̀. Ó bu òkèlè àkọ́kọ́, ó yìn ín. Ó ní irú iyán báyìí ni ìyá Hezekiah máa ń gún nígbà tí àwọn ṣì wà ní ilé ìwé. Ó sọ ti kànga àkọ́kọ́ tí àwọn méjèèjì jọ gbẹ́, bí àwọn ṣe bá àpáta pàdé, bí Hezekiah ṣe kọ̀ láti gba owó torí omi ò jáde. Ó rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Agogo méjì ti lù.

Ayọ̀kẹ́mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. Ó kó ìwé wá. "Ẹ má bínú, Bàbá. Gbólóhùn kan péré la fẹ́ kẹ́ ẹ kọ: pé láti ààfin ni lẹ́tà ti wá. Ẹnì kan tó mọ ààfin ti lọ sọ fún báǹkì pé irọ́ ni. A ò mọ ẹni náà. Wọ́n ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́. Ọlọ́run ló mọ irú ọ̀tá tí..."

Òkèlè dúró lọ́wọ́ Bàbá Ebenezer. Ó wo ìlà dúdú tí Ayọ̀kẹ́mi na ìka sí. Ó pẹ́ tó ń wò ó. Ó dá òkèlè náà padà sínú àwo, ó ṣan ọwọ́.

"Èmi ni," ó ní.

Ẹyẹ kan ń pariwo lórí máńgòrò.

"Mo ń wa iṣu lóko," ni bàbá náà wí. "Fóònù dún. Ẹnì kan ń fi imú sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní ṣé èmi ni akọ̀wé ààfin, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ka lẹ́tà kan fún mi. Ó ní, ṣé ọba ló fọwọ́ sí i? Mo ní rárá. Òótọ́ sì ni. Ọba kọ́. Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Mo wá dúró. Mo ń retí kó bi mí pé, ta ló wá fọwọ́ sí i? Kó bi mí pé, kí ló dé? Ó ní òun dúpẹ́. Ó pa fóònù."

"Ẹ ò pè é padà?" Ayọ̀kẹ́mi ti dìde. "Ẹ ò wí fún wa? Ẹ̀ẹ̀mẹta lọkọ mi wá sílé yín!"

"Ayọ̀kẹ́mi," ni Ọbalolúwa wí.

"Má pe orúkọ mi! Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́ wa? Bàbá jókòó sórí bẹ́ǹṣì yìí, wọ́n ń jẹ iyán mi!"

Bàbá Ebenezer ò gbójú sókè. "Ojú ń tì mí, ọmọ mi. Ohun tó gbé mi pamọ́ lóko nìyẹn. Àga ọba kì í ṣófo. Ẹni tó jókòó lórí rẹ̀ ló ń lọ, àga ò lọ. Àga ló fún yín ní lẹ́tà yẹn, kì í ṣe èèyàn. Kànga náà sì wà níbẹ̀. Omi tí mo fi bọ́jú láàárọ̀ yìí, inú rẹ̀ ni mo ti fà á. Wọn ò wá wò ó."

"Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Ohun tẹ́ ẹ sọ yìí gẹ́lẹ́, ẹ kọ ọ́!"

"Kí wọ́n wá jókòó síbí, màá sọ ọ́ lójú wọn. Ṣùgbọ́n kí n fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ pé láàárín oṣù báyìí sí oṣù báyìí, Òkè-Ọ̀pẹ ò lọ́ba? A búra. Àwa márùn-ún tó mọ̀ la jọ búra."

Ọbalolúwa ò bínú. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Ó kàn jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń wo orúkọ bàbá rẹ̀ lára ọkọ̀. Ta ló fẹ́ dá lẹ́bi? Bó bá jẹ́ pé wọ́n pe àwọn méjèèjì síwájú ara wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi inú igbá ò ní tíì gbóná kí ọ̀rọ̀ tó parí. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà.

Màmá ló sọ̀rọ̀.

"Àwa mẹ́fà la mọ̀," ó ní. "Ẹ ò ní kí èmi búra torí obìnrin ni mí, ẹ rò pé ẹkún ló máa gbà mí lẹ́nu." Ó yíjú sí Ayọ̀kẹ́mi. "Ìyàwó mi, ṣí ẹ̀rọ rẹ. Kọ ohun tí mo bá sọ."

"Martha," ni Bàbá Ebenezer wí.

"Ẹnu mi ló máa sọ ọ́, kì í ṣe tìrẹ. Ẹ̀gbọ́n mi ni ọba náà." Ó tún gèlè rẹ̀ wé. "Kọ ọ́ pé, èmi Martha, ìyàwó Hezekiah tó gbẹ́ kànga, mo wà nínú yàrá náà lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ọdún tó kọjá nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi mí kẹ́yìn. Ó kú. Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má kọ pé ó wàjà, wọn ò ní gbọ́. Mo padà sílé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní oṣù kẹta, èmi ni mo ní kí ọmọ mi lọ gba lẹ́tà ní ààfin. Mo mọ̀ pé wọ́n á fún un. Mo mọ̀ pé kò mọ nǹkan kan."

Ọbalolúwa gbójú sókè. Ó rántí oṣù kìíní náà. Ìyá rẹ̀ ti Òkè-Ọ̀pẹ dé lọ́jọ́ kan, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ń sinmi, ó se ẹ̀wà, ó tilẹ̀ bá Ìyá Gift rẹ́rìn-ín lórí ògiri. Ó jẹun tán, ó fọ abọ́. Orin ló sì ń kọ bó ṣe ń fọ ọ́.

Ayọ̀kẹ́mi ń tẹ̀ ẹ́, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìtẹ̀wé níwájú ọjà, wọ́n gbé e padà. Màmá tẹ àtàǹpàkò. Bàbá Ebenezer wo àtàǹpàkò aláwọ̀ búlúù yẹn lórí bébà, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí wọ́n fún òun ní kálàmù. Ó fọwọ́ sí i lábẹ́ tirẹ̀, ó kọ ọ́ gbàgàdà pé òun ni òun fọwọ́ sí lẹ́tà oṣù kẹta.

Agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó gbé e. Wọn ò tíì mí tán tí èsì fi wọlé.

"Wọ́n ti fèsì!" ni Ọbalolúwa kígbe. Gbogbo wọn sún mọ́ ọn. Ìyá Gift náà ti wà lórí ògiri.

"Kí ni wọ́n wí?" ni Màmá béèrè. Ó ti dìde dúró.

Ayọ̀kẹ́mi kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó lanu. "Wọ́n ní, a ti rí ìwé yín gbà. Ẹ má ṣe fèsì sí ìwé yìí. Ẹ̀rọ ló fi ránṣẹ́, kò sí ẹni tó ń kà á."

"Wọn ò bi mí ní nǹkan kan?"

"Wọn ò bi nǹkan kan, Màmá."

Màmá padà jókòó. Ó wo igbá omi tó ti wà níbẹ̀ látàárọ̀, tí eruku ọyẹ́ ti dà sí lójú. "Ẹ̀rọ ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún," ó ní jẹ́jẹ́. "Mi ò tíì sọ ọ́ fún èèyàn rí."

Bàbá Ebenezer gbé igbá náà, ó fẹ́ eruku ojú rẹ̀ dànù, ó mu níbẹ̀, ó nà án sí Ọbalolúwa. Ọbalolúwa gbà á, ó mu. Bàbá náà wá sún lórí bẹ́ǹṣì títí tó fi dé ọ̀dọ̀ Màmá.

"Ó dáa, Martha," ó ní. "Kí ló kù tó ò tíì sọ?"

Ìgbà náà ni Màmá bú sẹ́kún fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀, oṣù mẹ́tàlá lẹ́yìn tó ti kú.